Bàbá Mi Gbé Òfì Tẹ̀lé Ìyá Mi

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, bàbá mi wà nídìí òfì, èmi sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń ká òwú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, èmi sì ni àkọ́bí. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni dé. Wọn ò bọ́ bàtà, wọn ò béèrè omi, wọ́n kàn dúró, wọ́n tẹjú mọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá mi tẹ òfì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

"Ìyá wọn, kí ni wọ́n kọ?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ sí Ogbooro. Wọ́n ń ṣí ilé ìwé tuntun níbẹ̀, tíṣà ò sì tó."

"Ogbooro apá Ṣakí?"

"Òun náà ni."

Bàbá mi padà sídìí iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n mo rí i pé òwú já mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí oòrùn tó wọ̀, bẹ́ẹ̀ òwú kì í já mọ́ bàbá mi lọ́wọ́.

Ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ilé ìwé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, wọ́n sì ń kó àwọn tíṣà tó wà nílùú ńlá lọ sí àwọn ìlú tí wọn ò tí ì ní. Onígbàgbọ́ ni ìyá mi, wọ́n ka ìwé dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mùsùlùmí ni bàbá mi, wọn ò jókòó ní kíláàsì rí. Ìdí òfì ni wọ́n bí wọn sí ní Ìsẹ́yìn, níbẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá wọn sí. Òfì yẹn kan náà ló rán ìyá mi lọ sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi kì í hunṣọ, ọjọ́ Àìkú ni ti ìyá mi, nítorí náà n ò rántí ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ àwọn méjèèjì dilẹ̀ pọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi pe ìpàdé. Àwọn ni olórí gbogbo ahunṣọ agbo ilé wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì ti sọ kì í ní àtúnsọ. Wọ́n fi bàbá mi jókòó níwájú wọn, ìyá mi kúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin lẹ́yìn wọn, oṣù márùn-ún péré ni ọmọ náà.

"Ọ̀nà méjì ló wà," ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní. "Kí ìyàwó rẹ kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kó wá máa ta òwú níhìn-ín. Bí kò bá lè fi í sílẹ̀, kó máa lọ, kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìyá wa, kí ìwọ náà wá ẹlòmíràn fẹ́ tí yóò máa se oúnjẹ rẹ. Ọkùnrin tó ń hunṣọ ò lè tún máa dáná."

Wọn ò fi ìkà sọ ọ́. Bí gbogbo wa ṣe mọ ayé sí nìyẹn. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé wà fún ọwọ́ ọkùnrin, iná àti omi àti ọmọ wà fún ọwọ́ obìnrin, bí obìnrin bá sì ní iṣẹ́ tirẹ̀, yóò gbé e lé orí ti tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá lè gbé méjèèjì, kí wọ́n fi ẹlòmíràn kún un.

Bàbá mi yọ fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n igi ni òfì. Ó ṣe é tú, ó ṣe é tò. Iṣẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi ò ṣe é tú gbé wá síbí. Tèmi ló ṣe é gbé."

"O fẹ́ tẹ̀lé obìnrin?"

"Mo fẹ́ tẹ̀lé ìyàwó mi."

Mo wo ojú ìyá mi, ẹnu wọn là díẹ̀. Àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni.

Lọ́rì tó wá já iṣu sí Ìsẹ́yìn ló gbé wa lọ. Wọ́n di àwọn igi òfì pọ̀ bí ẹni di igi ìdáná, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ ẹrù. Òkúta ńlá kan wà tí bàbá mi máa ń gbé lé ìparí òwú kó lè máa fa òwú náà le, wọ́n ní àwọn á gbé òkúta yẹn náà dání. Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín títí.

"Bàbá, ṣé kò sí òkúta ní Ogbooro ni?"

"Ó wà," bàbá mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n òwú mi ò tí ì mọ̀ ọ́n."

A sọ̀ kalẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ, a jẹ ẹ̀wà, a tún gùn ún. Nígbà tí a fi dé ibi tí à ń lọ, eruku ti sọ irun gbogbo wa di pupa.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n bá wa gbà nínú agbo ilé kan, ṣùgbọ́n àgbàlá ibẹ̀ fẹ̀ gan-an. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni bàbá mi to òfì sí, wọ́n na òwú láti ibẹ̀ lọ dé ẹ̀yìn ògiri kejì, funfun àti aró, bí ọ̀nà tóóró tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Àwọn ará ìlú kì í hun òfì. Iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà ni iṣẹ́ wọn. Nítorí náà bí wọ́n bá ti oko bọ̀, wọ́n á dúró lójú ọ̀nà, àdá lọ́wọ́, wọ́n á máa wo ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ igi, tó ń ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tó gbé òwú, láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ló kọ́kọ́ dé bá wa. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá bàbá mi ló ń gba ọmọ bí ìyá mi bá lọ síṣẹ́. Níhìn-ín, a ò mọ ẹnì kankan. Ìyá mi pọn ọmọ lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ilé ìwé ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n dé lọ́sàn-án, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò wọlé.

"N ó kọ̀wé fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n yín ló sọ òótọ́."

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ látorí òfì. Wọ́n na ọwọ́.

"Gbé ọmọ yẹn fún mi."

"Ẹ fẹ́ ṣe kí ni?"

"Gbé e wá ná. Níbo lọ̀já wà?"

Ìyá mi rò pé wọ́n ń ṣeré. Bàbá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọmọ lé ẹ̀yìn, wọ́n gbá ọ̀já mú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ìgbà mẹ́ta ni ọmọ náà yọ̀. Ní ìgbà kẹrin, ìyá mi dìde, wọ́n so ó le fún wọn. Èmi ò tíì rí ọkùnrin tó pọnmọ rí. Mo dúró, mo ń wò bí ẹni rí ẹja lórí igi.

Láti ọjọ́ kejì ni ètò ilé wa ti yí. Ìyá mi á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi pẹ̀lú wọn á lọ pọn omi, wọ́n á po ògì, wọ́n á wẹ̀ fún ọmọ, wọ́n á fún un lọ́mú ní àfúnyó. Bàbá mi á ti mọ́sálásí dé, wọ́n á gba ọmọ, àwa á sì gba ilé ìwé lọ. Títẹ̀ tí ẹsẹ̀ bàbá mi ń tẹ òfì ló ń rẹ ọmọ náà sùn lẹ́yìn wọn. Bí òjìji dóńgóyárò bá ti dé ẹsẹ̀ ìkòkò omi, bàbá mi á fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀, wọ́n á ko iná, wọ́n á gbé iṣu kaná. A kì í dé láti ilé ìwé kí oúnjẹ máà tí ì jinná.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n, ebi ọmú á ti máa pa ọmọ. Nítorí náà, bí agogo ìsinmi ilé ìwé bá ti lù, bàbá mi á ti wà lọ́nà. Iwájú ẹ̀rọ ìlọ̀ ni wọ́n ní láti gbà, níbi tí àwọn obìnrin máa ń tò sí pẹ̀lú àgbàdo àti èlùbọ́ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ariwo ẹ̀rín wọn borí ariwo ẹ̀rọ.

"Ẹ wá wò ó o! Ọkọ Tíṣà pọnmọ!"

Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé kíláàsì mi. Mo yọjú, mo rí bàbá mi tí wọ́n ń bọ̀, wọn ò yára, wọn ò fà sẹ́yìn, wọ́n ń kí àwọn obìnrin náà, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró," bí ẹni tó ń lọ kí àna. Èmi ni ojú tì. Mo tẹrí sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá pẹ́ńsù, n ò dìde títí wọ́n fi kọjá. Títí di òní, tí mo bá rántí, ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn ń dùn mí ju ẹ̀rín àwọn obìnrin yẹn lọ.

Ìyá mi jáde sí wọn lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ń fún un lọ́mú. Bàbá mi dúró, wọ́n kọ̀yìn sí wọn, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dojú kọ pápá bí ọlọ́dẹ. Ẹnikẹ́ni ò lè kọjá síbẹ̀. Bí ọmọ ti yó, wọ́n tún gbé e pọ̀n, wọ́n padà sídìí òfì.

Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni ìyá onílé wa, ìyá arúgbó kan tó ń ṣe òrí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí ìyá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá náà gbé àpótí rẹ̀ wá sábẹ́ dóńgóyárò, ó jókòó, ó ń wo bàbá mi.

"Ọkọ Tíṣà, ṣé ojú kì í tì ọ́ ni?"

"Ìyá, ó tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́," bàbá mi dáhùn láì dáwọ́ dúró. "Ṣùgbọ́n ọmọ ò dákẹ́ ẹkún nítorí ìtìjú mi."

Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí iṣẹ́ òrí ti sọ di dídán.

"Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí," ó ní. "Mo pọ̀n wọ́n lọ sóko, mo pọ̀n wọ́n lọ sódò, mo pọ̀n wọ́n ro òrí lórí iná. Kò sí ẹni tó gba ọ̀kan lẹ́yìn mi rí, bó ti wù kó mọ."

Ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Láti ọ̀la rẹ̀, bí bàbá mi bá fẹ́ dáná ọ̀sán, òun ló ń wá gba ọmọ. Àwọn obìnrin ẹ̀rọ náà sì fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, bí bàbá mi bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ọkọ Tíṣà, ọmọ ń yọ̀ o," ọ̀kan nínú wọn á sì bá wọn fa ọ̀já le.

Báyìí la ṣe ń gbé. Ìgbà míì wà tí owó oṣù àwọn tíṣà ò ní wọlé títí, òfì á máa bọ́ wa. Nígbà òjò, tí ẹnikẹ́ni kì í gbéyàwó, tí aṣọ á ká jọ sórí àjà, owó oṣù ìyá mi ló ń bọ́ wa. N ò gbọ́ kí èyí sọ fún ìyẹn rí pé ti èmi lo jẹ lónìí.

Ní ọdún kẹta, nínú ọyẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi iṣẹ́ ńlá kan ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn, aṣọ ìgbéyàwó fún ìyàwó àti ọkọ àti àwọn òbí wọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Bàbá mi hun ún dé àárín. Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ gé igi nínú igbó, ẹ̀gún wọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọn ò kà á sí. Ẹsẹ̀ náà wú, ó wú dé kókósẹ̀. Ní dìspẹ́ńsárì, nọ́ọ̀sì là á, ó fi báńdéèjì dì í, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń hun òfì. Kò sì sí ahunṣọ mìíràn ní gbogbo ìlú náà. Bàbá mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n kọjú sí ògiri. Ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọlidé nígbà náà. Ìyá mi dúró lórí wọn.

"Èmi ó hun ún."

Bàbá mi yí padà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìyá mi ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Ìyá ìyá mi kọ́ mi ní kíjìpá nígbà tí mo wà ní kékeré," ìyá mi ní. "Ẹ kọ́ mi ní ìyókù."

Kíjìpá ni aṣọ tí àwọn obìnrin ìgbàanì ń hun lórí òfì tó dúró ti ògiri. Ṣùgbọ́n òfì olókùúta yìí, ti ọkùnrin ni. Nínú agbo ilé wa, obìnrin ò gbọdọ̀ jókòó sídìí rẹ̀. Bàbá mi pa ojú dé. Mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Gbé mi lọ síta," wọ́n sọ fún mi. "Ìyá wọn, bọ́ sídìí rẹ̀."

Èmi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá dé abẹ́ igi. Wọ́n na ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ìyá mi ká ìró wọn, wọ́n bọ́ sáàárín igi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí ìyá mi hun ni wọ́n tú. Òwú ń já, ọ̀kọ̀ ń bọ́ sílẹ̀.

"Má fi agbára tẹ ẹ́," bàbá mi ń wí. "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń sọ. O ti yára jù. Ta ló ń lé ọ?"

"Ọjọ́ ló ń lé mi."

"Fi ọjọ́ sílẹ̀. Wo òwú."

Ìdí iná ni wọ́n fi èmi sí. Bàbá mi ń bẹ iṣu ní ìjókòó, èmi ń sè é. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ òfì. Mo mọ ìró ti bàbá mi bí mo ṣe mọ ikọ́ wọn. Ti ìyá mi ń ta gẹ̀ẹ́, ó ń dúró, ó tún ń ta gẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bóyá ọjọ́ kẹwàá, mo ń ro ọbẹ̀, mo gbọ́ ìró òfì tó ń lọ geere, mo ní lọ́kàn mi, "Ah, bàbá mi ti padà sídìí iṣẹ́." Mo gbójú sókè. Bàbá mi wà níwájú mi, ọ̀bẹ àti iṣu lọ́wọ́ wọn, àwọn náà ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń gbọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ pé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láì ránṣẹ́. Wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá pẹ̀lú àpò lọ́rùn, wọ́n sì dúró gbagidi. Bàbá mi jókòó ti ìkòkò, wọ́n ń ro àmàlà, àbúrò mi ń ṣeré lẹ́bàá wọn. Ìyá mi wà nínú òfì. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, wọn ò gbọ́. Ìyá mi fẹ́ dìde.

"Jókòó!" ẹ̀gbọ́n bàbá mi pariwo. "Má já òwú."

Wọ́n lọ tààrà sídìí aṣọ tó ti ká jọ. Wọ́n tú u, wọ́n nà án sínú oòrùn, wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Níbo lọwọ́ ti yí padà?"

"Ẹ wá a, Ẹ̀gbọ́n," bàbá mi dáhùn.

Wọ́n tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n tọ̀ ọ́ bọ̀. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Níkẹyìn wọ́n fi àtàńpàkò tẹ ibì kan.

"Ibí ni."

"Rárá, sà," ìyá mi dá wọn lóhùn jẹ́ẹ́ látinú òfì. "Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá wọn nìyẹn. Tèmi wà níwájú."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ibi tí wọ́n tẹ̀, wọ́n wo iwájú rẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láì béèrè ẹní. Mo gbé àmàlà wá fún wọn. Wọ́n béèrè ẹni tó rò ó, bàbá mi ní àwọn ni. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n wẹ ọwọ́ tán, wọ́n wò yíká, wọ́n fa àpótí mi sún mọ́ òfì, wọ́n mú òwú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Ọjọ́ mẹ́ta ni olórí ahunṣọ agbo ilé wa fi jókòó ká òwú fún ìyá mi. N kì í lọ jìnnà ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yí ojú, n ò ní bá a bẹ́ẹ̀ mọ́.

Aṣọ náà dé ibi ìgbéyàwó ní àsìkò. Kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó hun ún. Lẹ́yìn òjò ọdún yẹn, lọ́rì kan gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá sílé wa, ọmọbìnrin ni, ẹgbẹ́ mi ni, pẹ̀lú ẹní àti àpótí aṣọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ò gùn rárá: kó máa bá ìyá mi lọ sílé ìwé láàárọ̀, kó máa jókòó ti bàbá mi nídìí òfì lọ́sàn-án. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn títí a fi dàgbà.

Ìlú méjì sí i ni wọ́n tún gbé ìyá mi lọ kí wọ́n tó di ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni bàbá mi tú òfì, tí wọ́n sì tún un tò. Nígbà tí èmi náà di ìyàwó ilé, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ti ilé ń fà mí ya, mo lọ bi ìyá mi pé báwo ni àwọn méjèèjì ṣe pín in nígbà náà, ta ló kọ́kọ́ dá a lábàá.

"A ò jókòó pín nǹkan kan," ìyá mi ní. "Iṣẹ́ á pè, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á jẹ́ ẹ."

Wọ́n ní kí n bá àwọn wo ọbẹ̀ lórí iná. Mo lọ, bàbá mi ti wà níbẹ̀.